Ìrọ̀rí Mẹ́ta Lórí Àga

Inspẹ́kítọ̀ Fáníyì ju ìrọ̀rí náà sórí tábìlì, ó ní kí n wò ó dáadáa.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló dé tí n kò ní mọ̀ ọ́n? Èmi ni mo rán an."

"Kí ni pupa tó wà lára rẹ̀ yìí?"

Ìfófó ni, ó ti gbẹ, kò pupa tán, kò sì funfun. Mo ní, "Ohun tó jáde lẹ́nu ọkọ mi ni, sà, kó tó kú."

"Kó tó kú ni, àbí nígbà tí o ń pa á?"

Ẹnu mi kì í pẹ́ dáhùn. Wọ́n mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ní Ìrẹmọ tí wọ́n ti bí mi, wọ́n sì mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò Mayfair tí mo ti ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ojú abẹ́rẹ́ mi lára ìrọ̀rí náà ni mo tẹjú mọ́. Èmi Mojíre, wọ́n ní mo fi ìrọ̀rí tí mo fọwọ́ ara mi rán bo ọkọ mi lẹ́nu títí tó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe rí. Ìdrís lorúkọ ọkọ mi, Bàbá Ìmísí ni mo sì máa ń pè é. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú ọdún 1994, ó kú sórí àga nínú yàrá wa. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Ìmísí ọmọ wa wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Alàájì Abdulwaheed, ló kọ́kọ́ dé lówùúrọ̀. Ó rí ìrọ̀rí mẹ́ta lórí àga, ó rí ìfófó pupa lára ọ̀kan, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì wẹ òkú, kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òkú nílé. Bí Alàájì ṣe gbà kí wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó sin ín, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára gidi nìyẹn.

Ohun tí Alàájì sọ ní tèṣàn, Inspẹ́kítọ̀ kà á fún mi lẹ́sẹẹsẹ.

"Ó ní láti bí ọdún kan lo ti yí àbúrò òun lórí. Kò wá kírun ní mọ́sálásí mọ́. Kò dọ̀bálẹ̀ fún òun mọ́, àfi kó tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Kò tiẹ̀ sùn lórí ibùsùn mọ́. Kí ló dé tí ọkùnrin yóò fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa sùn lórí àga? Alàájì ní ẹ̀rù rẹ ló ń bà á."

"Ó ń wúkọ́ ni, sà. Ó ní eruku pákó ni."

"Alàájì ní kò sí àìsàn tó ń ṣe é. Kí lo fún un mu lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Ẹ̀kọ gbígbóná."

"Mo gbọ́ òórùn kan nínú kọ́ọ̀bù náà."

"Ewé efinrin ni, sà. Ìyá yín kò fi fún yín mu rí ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá mi padà sẹ́yìn irin. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi sin ọkọ mi, n kò rí erùpẹ̀ tí wọ́n dà lé e lórí. Síbẹ̀ ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá nínú ìtàn yìí, nítorí ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá, ẹni tí mo sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn báyìí.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní dókítà tó ṣe àyẹ̀wò òkú náà ń fẹ́ rí mi. Àsìkò tí bẹntiróòlù di góòlù ni, ọkọ̀ tèṣàn kò ní epo, ẹsẹ̀ ni èmi àti Inspẹ́kítọ̀ fi rìn. Gbogbo ojú ọ̀nà ń wò mí. Àwọn tí mo ránṣọ fún ń wò mí.

Dókítà Oyèlárán kì í ṣe dókítà tí í fún èèyàn lóògùn. Òkú ni wọ́n ń gbé wá bá a, òun ni yóò wádìí ohun tó pa á. Ọkùnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Bọ́tìnnì kan ti já lára aṣọ funfun tó wọ̀, mo sì rí i kíá, nítorí ojú aránṣọ kì í sinmi.

Bí mo ṣe wọlé, ó dìde. "Ìyá Ìmísí, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ha! Láti ìgbà tí Bàbá Ìmísí ti kú, kò tíì sí ẹnì kan tó kí mi kú ọ̀fọ̀. Ta ni í kí apànìyàn? Mo bú sẹ́kún, ó dúró tì mí títí mo fi nu ojú tán.

"Ẹ̀kọ yẹn kò lẹ́jọ́ kankan," ló wí. "Wọ́n ti yẹ ìyókù tó wà nínú kọ́ọ̀bù wò. Ẹ̀kọ àti efinrin ni."

Mo yíjú sí Inspẹ́kítọ̀. Ó ń wo òrùlé.

"Ẹ wá sọ fún mi, ìrọ̀rí mélòó ni Bàbá Ìmísí fi ń sùn?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe láti ilẹ̀?"

"Rárá o. Ọ̀kan ni tẹ́lẹ̀. Ó di méjì. Nígbà tó yá, ó ní kí n rán ẹ̀kẹta sí i. Ó ní bí òun bá dùbúlẹ̀ gbalaja, bí ẹni pé èèyàn jókòó lé òun láyà ni. Nígbà tó tún yá, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí àga."

"Inspẹ́kítọ̀, ṣé ẹ gbọ́? Ọkùnrin tí ẹ̀rù aya rẹ̀ ń bà kì í bẹ̀ ẹ́ pé kó rán ìrọ̀rí sí i." Ó tún yíjú sí mi. "Itọ́ rẹ̀ ńkọ́, tó bá wúkọ́?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún òkú pé n kò ní sọ. "Ó máa ń pọ́n, sà, bí omi tí irin dógùn-ún sí. Ó máa ń fi áńkáṣíìfù rẹ̀ pamọ́ fún mi. Èmi tí mò ń fọṣọ rẹ̀!"

Ó mi orí, ó mú wa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. NẸ́PÀ ti mú iná lọ, àmọ́ kò dà á láàmú. Maikirosikópù rẹ̀, awò tí í sọ ohun tíńtín di ńlá, ní dígí kékeré kan nísàlẹ̀ tó ń fi kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan há abẹ́ rẹ̀, ó yí i díẹ̀, ó ní kí n wò ó.

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà wò ó. Kí lẹ rí?"

Mo fi ojú kan sí i. "Léèsì," ni mo wí. "Léèsì aláwọ̀ osùn. Ṣùgbọ́n kò dára. Okùn rẹ̀ ti nípọn jù, nǹkan sì kún inú àwọn ihò rẹ̀. N kò lè fi èyí ránṣọ fún oníbàárà."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kì í dáhùn tó báyìí! Ẹ̀dọ̀fóró Bàbá Ìmísí ni. Àwọn ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ máa ń wọ̀, ó yẹ kí wọ́n ṣófo. Okùn yẹn ni ògiri tó yí wọn ká, ó yẹ kó tín-ín-rín. Ẹ wo inú ihò náà dáadáa. Ṣé ẹ rí àwọn bìrìkìtì kan tó ní èérún búráùn nínú?"

Mo rí wọn. Wọ́n pọ̀.

"Agbálẹ̀ ni wọ́n. Ìdọ̀tí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ló ń gbé e mì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń jò síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn á gbé òun náà mì, irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á sì kù sí wọn nínú, á dógùn-ún. Ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ ń wò yìí, oṣù lórí oṣù ló fi kó jọ."

Inú mi ti ń dùn, àfi bí Inspẹ́kítọ̀ ṣe wúkọ́ ẹ̀tàn. "Dókítà sà, ẹ má bínú. Gbẹ́nàgbẹ́nà lọkùnrin yìí. Eruku pákó ni yóò máa fà símú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé àwọn agbálẹ̀ yín kì í gbá eruku ni? Eruku pákó náà, ṣebí búráùn ni."

Mo fẹ́ gé e jẹ. Àmọ́ Dókítà kò bínú.

"Inspẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Òun gan-an ni kò jẹ́ kí n tíì kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí yín. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ oògùn kan wà tí a máa ń dà sí i. Bó bá jẹ́ irin inú ẹ̀jẹ̀ ni, á yí padà, á di búlúù. Bó bá jẹ́ eruku, bó ṣe wà náà ni yóò wà."

"Bí kò bá wá yí padà ńkọ́, sà?" Èmi ni mo bi í.

Ó wò mí. Kò purọ́ fún mi. "Bí kò bá yí, a jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́ta àti ohun kan tí mo rí nínú ọkàn rẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè fi gbè yín. Kò sì ní tó ní kóòtù."

*

Ẹ má bi mí bí mo ṣe sùn títí tí wọ́n fi tún pè wá. Mo gbàdúrà bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìrẹmọ, nígbà tí ìyẹn tán lẹ́nu mi mo ṣe èyí tí Bàbá Ìmísí kọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n parí. Ìmísí ni mò ń rò. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ìyá mi, ó ti wà ní agboolé bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, orúkọ wo ni wọn yóò fi máa pe ìyá rẹ̀ létí rẹ̀?

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Dókítà, ó na ọwọ́ sí maikirosikópù.

Mo fi ojú sí i.

"Aró!" Mo kígbe débi pé ẹnì kan sáré yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Yéè! Aró ni! Ó ti di aró!"

Àwọn bìrìkìtì búráùn ọjọ́sí ti rẹ sínú aró, aró dúdú minimini bí èyí tí ìyá mi àgbà máa ń pa, inú gbogbo ihò léèsì náà kún fún un. Mo wólẹ̀ sórí orúnkún mi níbẹ̀, n kò mọ ẹni tí n bá kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá Ọlọ́run ni, bóyá Dókítà ni, bóyá oògùn yẹn ni.

Inspẹ́kítọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. "Ó ṣàìsàn," ló wí níkẹyìn. "Mo ti gbà. Àmọ́, Dókítà sà, ṣé aláìsàn kò ṣe é fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu ni?"

Ọkùnrin yìí mà le o!

"Ó ṣe é bò," ni Dókítà dáhùn. "Ẹni tí wọ́n bá sì bò lẹ́nu, ó lágbára tàbí kò lágbára, yóò jà. Ètè rẹ̀ á bó, eyín á gún un nínú. Mo wá a, n kò rí. Ìfófó tó wà lára ìrọ̀rí, láti inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń hó bọ̀. Omi àti ẹ̀jẹ̀ ni. Mo sì mọ ibi tó ti wá." Ó mú etí aṣọ funfun rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì ti já, ó na ìka sí ojú bọ́tìnnì náà. "Ilẹ̀kùn wà nínú ọkàn èèyàn. Ó yẹ kí ìka méjì kọjá níbẹ̀. Ti Bàbá Ìmísí ti lẹ̀ pọ̀, kò ju ojú bọ́tìnnì yìí lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá dáadáa, ó ń padà sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn tó ń ṣe ọkàn bẹ́ẹ̀, ìgbà èwe ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi pe Alàájì wá."

"Alàájì kẹ̀?" ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Òun ló fẹjọ́ sùn!"

"Òun ni ẹlẹ́rìí mi. Òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì mọ̀."

*

Alàájì dé pẹ̀lú agbádá rẹ̀ àti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó yíjú sí ògiri.

Dókítà dọ̀bálẹ̀ fún un pátápátá, pẹ̀lú aṣọ funfun náà. Mo rí i pé ó tẹ́ Alàájì lọ́rùn, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé Dókítà kò ṣèèṣì ṣe é.

"Alàájì, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ dákun, kí ni àbúrò yín fi ṣẹ̀ yín?"

"Ohun tí ẹ ṣe tán yìí ni!" Ó fi tẹ̀sùbáà na ilẹ̀ tí Dókítà ti dìde. "Ẹ̀yin tí ẹ kàwé tó báyìí lẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n kò dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́!"

"Láti ìgbà wo?"

"Iléyá èṣí. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, àyà rẹ̀ máa ń kanlẹ̀ gbì ni. Lọ́jọ́ Iléyá, níwájú gbogbo ẹbí, ó kàn ṣe bíi pé ó fẹ́ lọlẹ̀, ó sáré dìde, ó wá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ti kọ́ ọ ní ìgbéraga."

"Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

Alàájì fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ kan. "Mo rò pé inú ló ń bí i."

"Mọ́sálásí ńkọ́?"

"Ó wá níjọ́ kan. Ó fi orí kan ilẹ̀ ní ràkáà àkọ́kọ́, kò tún lè ṣe é mọ́, ó jókòó sórí àga parí ìrun bí arúgbó. Àwọn ọ̀dọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò padà wá."

Inspẹ́kítọ̀ ti gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Ó ń wo Alàájì bí ẹni tí kò rí i rí.

"Alàájì, ìbéèrè kan ló kù," ni Dókítà wí. "Nígbà tí Ìdrís wà lọ́mọdé, ṣé oríkèé rẹ̀ wú rí?"

"Orúnkún." Ó sọ ọ́ kíá, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ó lé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ díẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ wú, ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí tòsì, ó tún lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Ara rẹ̀ gbóná bí iná. Kò lè rìn. Ẹ̀yìn mi ló ń gùn lọ sí ilé kéú, lálọ lábọ̀. A ní làkúrègbé ni. Nígbà tó yá, ó lọ fúnra rẹ̀."

"Kò lọ, Alàájì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Inú ọkàn rẹ̀ ló lọ sá sí. Láti ìgbà náà ló ti ń rọra ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, bó bá dùbúlẹ̀, bó bá doríkodò, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á máa rì nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó wà lódò. Ìdí nìyẹn tó fi sá fún ibùsùn. Ìdí nìyẹn tó fi sá fún mọ́sálásí." Dókítà sọ èyí tó kù jẹ́jẹ́. "Ó wù ú kó dọ̀bálẹ̀ fún yín, Alàájì. Kò lè ṣe é ni."

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Alàájì. "Lá iláha illallahu." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wá àga. "Lọ́jọ́ Iléyá, mo lé e jáde. Níwájú ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mi, mo ní kó má padà wá títí yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò mí.

"Ẹ̀rù ló ń bà á, Alàájì," ni mo wí. "Ó rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó ní bí ẹ bá gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kí Ìmísí sún mọ́ òun mọ́. Ó mú mi búra pé n kò ní sọ."

Ọkùnrin ńlá yẹn sunkún bí ọmọ kékeré. Ọ̀pọ̀ ohun ni mo ti gbèrò láti sọ fún un lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá dá mi láre, mo ti tò wọ́n sẹ́nu nínú àhámọ́, kòbákùngbé ọ̀rọ̀ gbogbo. Dípò ìyẹn, mo bá a mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ nílẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ ní, "Ìyá Ìmísí, ẹ máa lọ sílé. Ẹ má bínú." Bó ṣe fi "ẹ" pè mí fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì sìn mí dé ẹnu géètì.

*

Aṣọ funfun tuntun ni mo rán fún Dókítà Oyèlárán. Mo ran bọ́tìnnì rẹ̀ le, mo sì la ojú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan fẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó ti ìka bọ ọ̀kan wò, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Títí dòní, bí mo bá jí láàárọ̀, orúkọ ọkùnrin náà kì í gbẹ́yìn nínú àdúrà mi. Ì bá ti kọ̀wé ránṣẹ́ kó sì gbàgbé mi. Kò sí ẹni tí ì bá bi í.

Lọ́jọ́ fídáù ogójì, Alàájì wá sílé wa ní Mayfair, òun fúnra rẹ̀ ló di Ìmísí lọ́wọ́ mú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹbí ti dé ṣáájú, wọ́n ń dúró dè é. Mo jáde láti pàdé wọn, mo sì tẹ̀ láti kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé ti í ṣe.

Kí orúnkún mi tó kanlẹ̀, ó ti di ìgbọ̀nwọ́ mi mú.

"Dúró ná," ló wí. Ó wo ojú mi, ó wo àyà mi bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. "Ìyá Ìmísí, ṣé ò ń mí dáadáa?"

"Mò ń mí dáadáa, Alàájì."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó fi mí sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó wá yíjú sí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń ká agbádá wọn láti dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọlẹ̀ títí tó fi gbọ́ ìdáhùn.